Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá Mi

Ìró kan wà tí n ó dá mọ̀ bí mo bá tilẹ̀ di ojú: ìró ìdérí kámẹ́rà Yashica nígbà tí a bá ṣí i. Irin pẹlẹbẹ mẹ́rin á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á di àpótí kékeré tí kò lórùlé. Bí ìdérí yẹn bá ti ṣí ni bátìrì inú kámẹ́rà yóò jí, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan tó wà níwájú rẹ̀ yóò sì gbọ̀n, yóò máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà dé. Ọdún 1983 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà, ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Mile 1, Diobu, lẹ́bàá Ikwerre Road ní Port Harcourt. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo wá kọ́.

Màmá mi ló fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, agboolé kan náà ni wọ́n ti jáde. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán, kò sí owó àtilọ síwájú. Bọ́ọ̀sì gbé wa kúrò ní Ìbàdàn ní kùtùkùtù, a gba Benin, a gun afárá odò Ọya láti Asaba bọ́ sí Onitsha, a gba Owerri, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó wọ Port Harcourt. Òjò ló pàdé wa. Òjò ìlú yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò ilé wa. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí kì í rọ̀, bó bá sì di oṣù keje, ó lè bẹ̀rẹ̀ lónìí kó jẹ́ ọ̀la ni yóò dá.

Ọ̀gá ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dúdú bí ìkòkò tó pẹ́ lórí ààrò, wọ́n sì kọ ilà gọ̀mbọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọdún 1971, ọdún kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni wọ́n dé sí Port Harcourt. Ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ṣì tutù nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá pásípọ́ọ̀tù tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ fáìlì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté àti ní ilé iṣẹ́ epo ń wá ti káàdì ìdánimọ̀. Nígbà tí mo fi dé, yunifásítì méjì ti wà nílùú, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń wá fi aṣọ oyè yà fọ́tò. Ẹ̀yà tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa kò lóǹkà: Ikwerre tó ni ilẹ̀, Okrika, Kalabari, Ogoni, Ìgbò, Hausa, àti àwa Yorùbá tí a ń kí ara wa ní ìrọ̀lẹ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo wọn jọ ń fẹ́ ohun kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá rí fọ́tò wọn mọ̀ pé àwọn ni.

Kámẹ́rà tí ọ̀gá fi ń ṣiṣẹ́ ni Yashica Mat-124G. Ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ Yashica ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di 1986. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì. Ti òkè ni a fi ń wo ẹni tí à ń yà, ti ìsàlẹ̀ ló ń gba àwòrán sórí fíìmù. Fíìmù 120 ni a ń kì sínú rẹ̀, fọ́tò méjìlá péré sì ni ẹyọ kan ń gbà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kútẹ̀. A kì í gbé e sójú. Àyà tàbí ikùn là ń gbé e sí, a ó wá tẹ orí ba, a ó máa wo inú àpótí rẹ̀ níbi tí àwòrán ti hàn lórí gíláàsì, tí ọ̀tún ti di òsì. Ọ̀gá fẹ́ràn ìdúró yẹn. Wọ́n ní kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi Yashica ya àgbà láìkọ́kọ́ tẹríba fún un.

Ṣùgbọ́n mítà rẹ̀, ìyẹn èyí tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ló wú mi lórí jù. Àwọn kámẹ́rà tí mo ti rí rí, ojú ni ẹni tó ń lò wọ́n fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọ̀n. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí fíìmù tí wọ́n ya oòrùn sí, tí wọ́n ya kùrukùru sí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan; ohun tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò gbára lé nìyẹn. Ti Yashica yìí yàtọ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CdS wà lẹ́yìn fèrèsé kékeré níwájú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, iná bátìrì á rí ọ̀nà gbà kọjá lára rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà á ṣe ṣàn tó, abẹ́rẹ́ á sì gòkè. Abẹ́rẹ́ kejì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ wa ló ń darí rẹ̀: bí a bá yí ihò lẹ́ǹsì tàbí ìyára ṣọ́tà, òun náà á rìn. Iṣẹ́ wa ni kí a mú abẹ́rẹ́ méjèèjì bá ara wọn. Bí wọ́n bá ti gun ara wọn, ìmọ́lẹ̀ ti tó nìyẹn, kí a tẹ̀ ẹ́.

Lójú mi, ogún ọdún ìrírí ni abẹ́rẹ́ yẹn kó lé mi lọ́wọ́ lóòjọ́. Ọmọ àná lè ṣe ohun tí àgbà ń ṣe. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì 1984, olóyè Kalabari kan ránṣẹ́ sí wa pé ká wá ya òun nílé òun ní Borokiri. Ibà dá ọ̀gá gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n máa lọ. Olóyè jáde nínú etibo funfun gbòò, bọ́tìnnì góòlù ní ọrùn, fìlà dúdú lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ kí n ya àwọn níwájú ilé, lára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Oòrùn ń ràn. Mo ṣí ìdérí, mo tẹríba, mo yí abẹ́rẹ́ títí ó fi gun ẹnìkejì rẹ̀: ihò lẹ́ǹsì f/22, ìyára ṣọ́tà 1/250. Mo ya gbogbo méjìlá. Mo sì ń fò padà sí Mile 1 bí ẹni tó gba fríídọ̀ọ̀mù.

Lóru ọjọ́ náà, nínú yàrá òkùnkùn, lẹ́yìn tí mo ti gbé fíìmù kúrò nínú háípò tí mo fi omi ṣàn án, mo gbé e sókè sí gílóòbù. Etibo wà níbẹ̀, gbogbo ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ pé. Ògiri wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí ojú olóyè wà, fíìmù mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó jáde bí òjìji tó wọ aṣọ ẹlòmíràn. Kò sí ojú, kò sí ẹnu, kò sí ẹ̀rín tí wọ́n rín sí mi. Bàbá tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ iyì, mo ti pa ojú rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀gá kò lù mí. Wọ́n gbé négátíìfù náà wò pẹ́, wọ́n béèrè pé, "Ta ló ya fọ́tò yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́n ní, "Rárá. Abẹ́rẹ́ ló yà á. Ìwọ kàn gbé kámẹ́rà dání fún un ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú mi jáde sí oòrùn. Wọ́n ní kí n dojú Yashica kọ ògiri funfun tó wà lódìkejì ọ̀nà, kí n ka abẹ́rẹ́. Mo kà á. Wọ́n ní kí n dojú rẹ̀ kọ táyà ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, kí n kà á. Wọ́n wá béèrè pé, "Oòrùn kan náà ló ràn sí méjèèjì, kí ló dé tí nọ́ńbà wọn kò bára mu?" N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Ohun kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ yìí mọ̀ láyé: eérú. Ohunkóhun tí o bá gbé síwájú rẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. O gbé funfun fún un, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kí o dín in. O gbé dúdú fún un, ó ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, kí o fi kún un. Kò mọ olóyè, kò mọ ògiri."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Mítà tó wà nínú kámẹ́rà kì í wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀run sára wa. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì ń pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Bí etibo àti ògiri bá gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tí ojú dúdú gba ìdá kan, ti àwọn mẹ́sàn-án ni yóò ṣe. Bí mo bá sì sún mọ́ ojú dúdú nìkan tí mo kà á, àṣìṣe náà á yí sí òdìkejì: ojú á funfun bí ẹni tí àìsàn gbé dè, aṣọ á jó dànù. Aṣọ funfun lára ènìyàn dúdú, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni fún wa: ìyàwó ọ̀sìngín, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, àlàájì, olóyè. Àwọn ènìyàn tí a ń yà gan-an ni abẹ́rẹ́ kò gbọ́ èdè wọn.

Ọ̀gá wá na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú kámẹ́rà, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí oòrùn. Wọ́n ní, "Ka èyí." Abẹ́rẹ́ sọ pé f/16, 1/250. Wọ́n pe Ìgbò tó ń ta bàtà ní ẹ̀gbẹ́ wa, ọkùnrin tó pupa bí epo, wọ́n ní kí òun náà tẹ́ ọwọ́. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tèmi náà kò yàtọ̀. Ìta ara wa lè jìnnà síra bí alẹ́ àti ọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ wa sún mọ́ ara wọn. Àtẹ́lẹwọ́ fi nǹkan bí ìpele kan, ìyẹn ìlọ́po méjì, mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú tí abẹ́rẹ́ ń wá lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ka àtẹ́lẹwọ́, kó ṣí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele kan sí i, kó sì di etí sí ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ nípa ògiri àti aṣọ. F/16, 1/125: ohun tó yẹ kí n lò fún olóyè nìyẹn. Ìpele méjì gbáko ni mo fi gba ìmọ́lẹ̀ lójú wọn.

Yorùbá ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo tó rí i pé ó ní nọ́ńbà.

A padà lọ sí Borokiri, èmi àti ọ̀gá. A dọ̀bálẹ̀. Olóyè wo fọ́tò tí mo bàjẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n wọlé lọ wọ etibo náà padà. Ọ̀gá ní kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ́ ọwọ́ fún mi. Mo kà á, mo ṣí ìpele kan, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a gbé èyí lọ fún wọn, ìyàwó wọn gbà á, ó fi ìka ra ojú tó wà lórí pépà náà, ó ní, "Àwọn nìyí."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn fọ́tò àtijọ́ tí àwọn ará Bonny àti Kalabari ń gbé wá fún wa láti dà kọ. Àwọn baba ńlá tí wọ́n jókòó nínú aṣọ ẹ̀yẹ, tí gbogbo ìlà ojú wọn ṣì hàn kedere. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo kà nípa Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny tí wọ́n bí ní 1873, tó fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ jẹ ní gbogbo agbègbè yẹn títí ó fi kú ní 1905. Òun ló ya Ọba Ovonramwen ti Benin ní 1897, nínú ọkọ̀ ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ọba náà lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Ọba jókòó, àwọn ṣọ́jà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Kò sí mítà oníná kankan láyé nígbà náà. Weston ní Amẹ́ríkà kò tíì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn onífọ́tò títí di 1932. Ojú ara rẹ̀ àti ìmọ̀ tó ní nípa àwọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Green fi wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò yẹn lónìí, ojú ọba ló ń wò.

Mo kọ́ ojú ọjọ́ Port Harcourt bí ẹni kọ́ orin. Ní ìgbà òjò, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ bí òwú, òjìji á sọnù, ojú dúdú á sì yọ dáadáa. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku á bo oòrùn, abẹ́rẹ́ á máa tan ni. Ọ̀rinrin ibẹ̀ ọ̀tá kámẹ́rà ni. Èébu máa ń hu nínú lẹ́ǹsì, nítorí náà inú àpótí onígi tí gílóòbù ń tàn sí ni Yashica ń sùn. Bátìrì rẹ̀ kéré bí bọ́tìnnì, mẹ́kúrì ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ kúrò lórí fóòtì 1.35 títí yóò fi kú. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, torí bí agbára bátìrì bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irọ́ ni abẹ́rẹ́ á máa pa láìjẹ́ kí a mọ̀.

Ní alẹ́ kan ní 1985, a ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú kan ní ìhà Eleme, ọkọ̀ wa taku. Ojú ọ̀run pọ́n. Iná gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń sun ni, ó ń jó fòò lókè òpó, kì í kú tọ̀sán-tòru. Mo ṣí Yashica, mo dojú rẹ̀ kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ gbéra. Lóru ọ̀gànjọ́, abẹ́rẹ́ gbéra! Inú mi dùn, mo pe ọ̀gá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n wo àwọn ewé ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìmọ́lẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀?" Wọ́n rọra fi ọwọ́ wọn pa ìdérí náà dé.

Nígbà tó yá, fíìmù aláwọ̀ gba ìgboro. Owó náírà já wálẹ̀ láti 1986, fíìmù wọ́n gógó, ẹ̀rọ tí ń fọ fíìmù ní wákàtí kan sì dé. A gbé iṣẹ́ wa lọ síbẹ̀, a ń gba ojú tó ń pọ́n, tàbí tó ṣú bí èédú, padà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nípa káàdì tí Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù kí wọ́n lè tún àwọ̀ ṣe. Fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí ara Shirley bá ti jáde bó ṣe yẹ, iṣẹ́ ti pé. Inú àwọn ọdún 1990 ni àwọn ènìyàn aláwọ̀ mìíràn tó dé orí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Mo rántí abẹ́rẹ́ àti eérú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní ẹni tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ẹni tí wọn kò bá fi wọ̀n ọ́n ní láti mọ ẹ̀rọ náà ju ẹni tó ṣe é lọ.

Mo gba fríídọ̀ọ̀mù ní 1987. Ọ̀gá ra Yashica mìíràn, wọ́n sì gbé ti àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo padà sí Ìbàdàn, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo fi kámẹ́rà náà jẹun títí ẹ̀rọ dígítà fi gba iṣẹ́. Bátìrì mẹ́kúrì kò sí mọ́ lọ́jà. Ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fòfin dè é nítorí májèlé inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi ti sùn.

Ní 2009, wọ́n pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọ̀gá ti papòdà. Àwọn ọmọ wọn ń wá fọ́tò tí wọn yóò lò fún ìsìnkú. Ilé náà kún fún fọ́tò tí ọ̀gá yà, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ya ọ̀gá, àfi pásípọ́ọ̀tù kan tí wọ́n fi gba káàdì. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ nínú rẹ̀. Ojú wọn ṣú, ilà wọn kò hàn.

Mo tú àpótí négátíìfù mi. Ọ̀sán méjì gbáko ni mo fi wá a. Nínú fíìmù kan láti 1985, mo rí fọ́tò kan tí mo ṣèèṣì tẹ̀ nígbà tí mo ń ka ìmọ́lẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá ló gba iwájú, ó ṣí sí oòrùn, gbogbo ìlà rẹ̀ pé. Ihò lẹ́ǹsì kéré lọ́jọ́ náà, nítorí náà àwòrán mú dé ẹ̀yìn ọwọ́. Ọ̀gá wà níbẹ̀, wọ́n ń wo èmi, wọn kò wo kámẹ́rà. Mo gbé gíláàsì lé e, mo ka gọ̀mbọ́ wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo ka ti òsì. Kò sí èyí tó sọnù.